Georgius Agricola àti Iyọ̀ Áńbérì

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì máa ń há sórí láìmọ ibi tí ó ti wá ni succinic. A ó kà nínú ìwé pé succinic acid jẹ́ ásíìdì kan tí ó rí bí iyọ̀ funfun, a ó kọ C4H6O4 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì ṣí ìwé sí ojú ewé tí ó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kò ṣàìní ìtàn. Àwọn àgbà wa ní ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí wọ́n sì sọ ásíìdì yìí lórúkọ wo ilé tí a ti bí i. Ilé náà ni áńbérì. Ẹni tí ìtàn fún ní ìyìn pé òun ni ó kọ́kọ́ mú ọmọ náà jáde láti inú ilé yìí ni Georgius Agricola, ará ilẹ̀ Jámánì, tí ó ṣe olùkọ́ kí ó tó ṣe oníṣègùn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń pè ní baba ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tí a ń wà jáde nínú ilẹ̀. Níwọ̀n bí iṣẹ́ olùkọ́ ti jẹ́ iṣẹ́ tí ó kó gbogbo wa jọ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí láti orílẹ̀-èdè wa gbogbo, ó yẹ kí a mọ bí ọkùnrin náà ti lo ìgbà rẹ̀.

Kí a tó sọ ti ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí áńbérì jẹ́. Oje igi ni, tí ó sun jáde lára àwọn igi ayé àtijọ́, tí ilẹ̀ àti omi bò mọ́lẹ̀, tí ó sì le bí òkúta nígbà tí ọjọ́ pẹ́ títí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni ti etí Òkun Baltic ní ìhà àríwá Yúróòpù. Ó ti ju mílíọ̀nù 30 ọdún lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, bí iná bá sì ràn án, òórùn bíi ti tùràrí ni ó ń jáde lára rẹ̀. Nígbà mìíràn, a máa ń rí kòkòrò tí oje náà mú láyé ìgbà náà tí ó ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ìhà Mali wá láàrin wa kò ní ṣàì mọ ìlẹ̀kẹ̀ áńbérì, nítorí àwọn obìnrin Fúlàní a máa fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí irun àti sí ọrùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń tà lọ́jà ní orúkọ yẹn lónìí kì í ṣe ojúlówó.

Orúkọ méjì ni áńbérì jẹ́ láyé àtijọ́, orúkọ méjèèjì ni ó sì bí ọmọ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Àwọn ará Gíríìkì ń pè é ní elektron. Bí a bá fi aṣọ nù ún kíkankíkan, a máa fa ohun tí ó fúyẹ́ mọ́ra, bí ìyẹ́ ẹyẹ tàbí fùlùfúlù. Láti inú agbára yìí ni William Gilbert, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ọdún 1600, èyí tí ó di ẹ̀lẹ́kítíríkì tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn pè é ní succinum, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí oje ní èdè wọn. Láti inú orúkọ kejì yìí ni succinic ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ohun tí áńbérì lè ṣe, ọ̀rọ̀ kejì sì ń tọ́ka sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 24 oṣù Mẹ́ta ọdún 1494 ni a bí Agricola ní ìlú Glauchau, ní ilẹ̀ Saxony. Iṣẹ́ aṣọ àti aró rírẹ ni iṣẹ́ baba rẹ̀. Georg Bauer ni orúkọ tí a sọ ọ́. Bauer ní èdè Jámánì ni àgbẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀mọ̀wé, ó ṣe bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti ń ṣe, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí èdè Látìn, ó di Georgius Agricola, tí òun náà túmọ̀ sí àgbẹ̀. Ó jọ ni lójú pé ẹni tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ohun tí à ń pè lórúkọ ní èdè kan àti ní èdè kejì, ara orúkọ ti ara rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wọ Yunifásítì Leipzig ní ọdún 1514, ó kọ́ Látìn àti Gíríìkì níbẹ̀. Ní 1518 ó di olùkọ́ ní ìlú Zwickau, kò sì pẹ́ tí ó fi di olórí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1520 ó tẹ ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ jáde. Ìwé náà kì í ṣe ti òkúta tàbí ti oògùn, bí kò ṣe ìwé kékeré lórí gírámà Látìn fún àwọn ọmọ tí ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìwà olùkọ́ gírámà kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú: kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá lọ láìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó padà sí Leipzig láti kọ́ ìṣègùn, láti ibẹ̀ ni ó sì gba ilẹ̀ Ítálì lọ. Ní Fẹ́níìsì, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Aldus, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwọn ìwé Galen, àgbà oníṣègùn ìgbàanì, ní èdè Gíríìkì. Iṣẹ́ yẹn ni ó gbé ìṣòro kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn àtijọ́ kọ orúkọ oríṣiríṣi erùpẹ̀, òkúta àti iyọ̀ sílẹ̀ pé wọ́n wúlò fún ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ka ìwé wọn ní ọdún 1525 kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ni orúkọ báyìí ń pè. Orúkọ wà nínú ìwé, ohun tí ó ni orúkọ wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ bí oníṣègùn bá ṣi orúkọ mú, aláìsàn ni yóò fi ara gbá a.

Agricola padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ní 1527 ó sì di dókítà ìlú ní Joachimsthal, ìlú àwọn awakùsà tí ó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí. Fàdákà ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú. Owó fàdákà tí a rọ níbẹ̀ ni a fi orúkọ ìlú náà pè, tí a gé e kúrú sí thaler, tí ó sì di dọ́là lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń ná dọ́là ní Liberia títí di òní, orúkọ àfonífojì kan ní àárín Yúróòpù ni ó ń pè láìmọ̀.

Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà ni ìbá jókòó sílé kí ó máa ka ìwé nígbà tí kò bá sí aláìsàn níwájú rẹ̀. Agricola kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀, inú kòtò àwọn awakùsà ni ó ń wọ̀ lọ, tàbí kí ó lọ dúró ti àwọn tí ń yọ́ fàdákà níwájú iná. Ó rí bí iṣẹ́ náà ti ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe òkúta kọ̀ọ̀kan ní èdè tiwọn, ó sì ń fi wé èyí tí ó kà ní Látìn àti Gíríìkì. Èso ìbẹ̀wò wọ̀nyí ni ìwé Bermannus tí ó jáde ní Basel ní ọdún 1530. Ó ṣe ìwé náà bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàrin awakùsà kan àti àwọn oníṣègùn méjì. Nínú rẹ̀, awakùsà ni ó ń tọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé sọ́nà. Ní ayé tí a kò ka ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ sí, kì í ṣe ohun kékeré kí ọ̀mọ̀wé jẹ́wọ́ pé awakùsà ní ohun tí ó lè kọ́ òun.

Láti Joachimsthal ó kó lọ sí Chemnitz ní Saxony, níbi tí ó ti ṣe dókítà ìlú títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọdún 1546 ni ọdún ńlá rẹ̀. Ní ọdún yẹn ni a fi í jẹ olórí ìlú Chemnitz, ipò tí ó dì mú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láyé rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àkójọ ìwé rẹ̀ jáde, tí De Natura Fossilium sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ fossil yìí kò tíì túmọ̀ nígbà náà sí egungun àti ewé ayé àtijọ́ nìkan bí a ti ń lò ó lónìí. Ohunkóhun tí a bá wà jáde nínú ilẹ̀ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé ṣáájú rẹ̀ máa ń to òkúta gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì tàbí gẹ́gẹ́ bí agbára awo tí a rò pé ó wà nínú wọn. Agricola tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ojú ti rí wọn àti bí ọwọ́ ti mọ̀ wọ́n: àwọ̀, ìtọ́wò, òórùn, ìwúwo, líle, àti bí wọ́n ti ń ṣe nínú iná àti nínú omi. Ó sì fi àkójọ ọ̀rọ̀ Látìn pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní èdè Jámánì kún un, kí awakùsà àti ọ̀mọ̀wé lè máa sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti 1546 yìí ni ìtàn ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì so rírí iyọ̀ áńbérì mọ́. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. A ó fi áńbérì sínú ohun èlò tí a dé pa, a ó dáná sí i lábẹ́ láìbu omi sí i. Bí ó ti ń gbóná, yóò yọ́, èéfín rẹ̀ yóò dìde. Nígbà tí èéfín náà bá kan ibi tí ó tutù, òróró yóò kán sílẹ̀, àwọn ègé kéékèèké tí ó jọ iyọ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ ara ohun èlò náà. Iyọ̀ áńbérì tàbí ẹ̀mí áńbérì ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń pè é, àwọn oníṣègùn sì ń fi í wo làkúrègbé.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí níhìn-ín ni pé Agricola kò gbà pé oje igi ni áńbérì. Láti ọ̀rúndún kìn-ín-ní ni Pliny ará Róòmù ti kọ ọ́ pé láti ara igi ni ó ti ń wá, orúkọ Látìn rẹ̀ pàápàá sì ń kéde oje. Ṣùgbọ́n Agricola tò ó mọ́ ọ̀dà ilẹ̀, ó ní láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń sun jáde kí ó tó dì. Pliny ni ó gbé e. Agricola ni ó ṣìnà. Orúkọ àtijọ́ náà gbọ́n ju ẹni tí ń lò ó lọ, nítorí ó pa òtítọ́ kan mọ́ tí ojú ọ̀mọ̀wé náà kò rí. Síbẹ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n mọ̀ pé oje igi ni kò fi ìmọ̀ yẹn rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iná tí a dá sí abẹ́ rẹ̀ ni ó fi hàn. Nínú iṣẹ́ ìmọ̀, ẹni tí ó bá ṣìnà lórí ibi tí nǹkan ti wá ṣì lè ṣe àwárí tí kò ní parẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan náà wò, tí ó sì sọ ohun tí ó rí gan-an.

Òpin ayé ọkùnrin yìí kò ní ìtura. Ní bí ọdún 1552 àjàkálẹ̀ àrùn wọ Saxony, Agricola kò sì sá fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀; ó kọ ìwé lórí àrùn náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1554. Ṣùgbọ́n ìlú Chemnitz ti di ti àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, Agricola sì dúró nínú Ìjọ Àgùdà tí a bí i sí. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 1555, ìlú tí ó ti wo aláìsàn rẹ̀ sàn, tí ó sì ti ṣe olórí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kọ̀ láti fún un ní ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìlú Zeitz ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ, níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí nínú ilé ìsìn ńlá. Ẹni tí ó fi ayé rẹ̀ wádìí inú ilẹ̀, ilẹ̀ ìlú rẹ̀ ni kò rí wọ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1556, ni ìwé rẹ̀ tí ó tóbi jù, De Re Metallica, jáde. Àwòrán rẹ̀ tí a gbẹ́ sára pákó pọ̀ ju 250 lọ, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn awakùsà fi ń lò ó. Nígbà tí Herbert Hoover, tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1929, àti ìyàwó rẹ̀ Lou Henry Hoover túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1912, wọ́n bá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ pàdé tí Agricola fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, nítorí àwọn ará Róòmù kò ní orúkọ fún àwọn nǹkan wọ̀nyẹn. Kì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ni wọ́n gbára lé. Wọ́n ní láti lo ìmọ̀ òkúta àti ìdánwò kí wọ́n tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ mìíràn ń pè. Ọ̀nà tí Agricola gbà kọ ìwé náà ni wọ́n gbà túmọ̀ rẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí iyọ̀ áńbérì? Ní 1675, Nicolas Lémery ará Faransé fi yé ayé pé ásíìdì ni. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mọ̀ pé átọ́mù kábọ́ọ̀nù 4, háídírójìn 6 àti ọ́síjìn 4 ni ó para pọ̀ di ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún rí i níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní 1860 Louis Pasteur fi hàn pé nígbà tí ìwúkàrà bá ń sọ ṣúgà di ọtí, díẹ̀ nínú ásíìdì yìí a máa jáde. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ìwúkàrà inú agbè ẹmu wa kò ṣàjèjì sí i. Ní 1937 Hans Krebs ṣàlàyé bí ara ṣe ń yí oúnjẹ padà di agbára, succinic acid sì jẹ́ ibùsọ̀ kan lójú ọ̀nà náà. Kò sí wákàtí kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nínú ara ẹni tí ń ka ìwé yìí. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ní púpọ̀ kì í sun áńbérì mọ́. Láti inú ohun tí a rí lára epo rọ̀bì, tàbí láti inú ṣúgà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ni a ti ń ṣe é.

Ìlò ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú yẹ kí ó yé wa. Bí a bá rí succinic, ásíìdì náà ni à ń sọ. Bí a bá rí succinate, ásíìdì náà ti fi háídírójìn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó ti so pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni ìgò kékeré kan wà tí a kọ hydrocortisone sodium succinate sí lára. Hydrocortisone nìkan kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Nígbà tí a bá so ó mọ́ succinic acid, tí a sì sọ ọ́ di iyọ̀ sódíọ̀mù, ó di ohun tí ó ń yòrò, tí dókítà lè fi abẹ́rẹ́ gún sínú iṣan ẹni tí ikọ́ fée ń fún lọ́rùn. Nígbà tí ó bá dé inú ara, ara yóò tú ìso náà, oògùn yóò sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Áńbérì kankan kò sí nínú ìgò yẹn. Orúkọ ilé baba ni ó kù lára ọmọ, bí a ti ń rí i lára ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò gbé ìlú baba ńlá wọn mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìgbésí ayé Agricola fi kan àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó há succinic sórí láìmọ ohun tí ó jẹ́ kò yàtọ̀ sí oníṣègùn ọdún 1525 tí ó mọ orúkọ òkúta nínú ìwé, tí kò sì lè mú un nílẹ̀ bí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ohun tí Agricola ṣe ni pé ó mú ìwé lọ́wọ́ kan, ó mú òkúta lọ́wọ́ kejì, ó sì bi ẹni tí ó mọṣẹ́ léèrè. Olùkọ́ tí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ní Freetown, ní Kumasi, ní Porto-Novo tàbí ní abúlé tí ojú títì kò tíì dé, kò ní jẹ́ kí ìmọ̀ di àkàtúnkà lásán. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni a lè lò.